Mọ́tò ló di tòkunbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò di tòkunbọ̀

 

Ọmọ wa kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé tó kọjá. Ó fi àwòrán mọ́tò méjì hàn mí lórí fóònù. Spọ́ọ̀tì káà ni méjèèjì, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà. Ọ̀kan ní bọ́tìnnì tí èèyàn á tẹ̀ tí mọ́tò á lọ sókè tàbí kó wálẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á le tàbí kó rọ̀. Èkejì kò ní nǹkan kan, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì lásán ni. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọmọ náà ní, "Bàbá, bọ́tìnnì yìí mà ti já sí ọ̀fẹ́ o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Spéà páàtì ni mò ń tà ní Kàdúná níbí kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn. Ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì, bọ́ṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ìyẹn gan-an ni ọjà mi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ń pa ọjà mi lára. Ẹni tó bá ra mọ́tò oníbọ́tìnnì, ọ̀dọ̀ àwa tí a ń ta spéà páàtì ni yóò padà wá, owó tó sì máa ná níbẹ̀, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́, tí a jọ ń sin òkú, tí a jọ ń sọmọ lórúkọ, mi ò lè máa wò ó kó kó sí kòtò nítorí kí n lè tajà.

Mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń sọ pé kí ọ̀dọ́ má ra spọ́ọ̀tì káà o. Owó ẹ̀ ni, òógùn ẹ̀ ni. Ìgbà èwe dùn, ó sì yẹ kéèyàn gbádùn rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wo ẹsẹ̀ mọ́tò kí ẹ tó wo bọ́dì rẹ̀, kí ẹ sì mọ irú ẹsẹ̀ tó tọ́ sí ọ̀nà tí àwa ará Òkè Ọya ń rìn.

Ìlú Kàdúná yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà bíi tèmi á rántí 504. Kí ló gbé orúkọ rẹ̀ ga? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó ga nílẹ̀, bó wọ kòtò, á jáde. Kò sí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀. Spọ́ọ̀tì káà kò lè dà bíi 504, mo mọ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì le, torí eré àti kọ́nà ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì yẹn fi ń wọ ọmọ wa lójú: tí ọ̀nà bá dára kó wálẹ̀, tí gálọ́ọ̀pù bá dé kó gòkè. Lẹ́nu, ọ̀rọ̀ yẹn dùn.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ohun kan ná, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń da méjì pọ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé mọ́tò dúró, òun ló ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù ní tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí sípíríǹgì máa jó lọ jó bọ̀ lẹ́yìn tí táyà bá ti bọ́ sí kòtò. Tí ẹni tó ń ta mọ́tò bá wá sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mọ́tò òun ṣeé yí, ẹ bi í pé: kí ló ṣeé yí? Ṣé gíga rẹ̀ ni àbí líle rẹ̀? Kí ló sì ń yí i? Ṣé ọwọ́ ni, iná ni, afẹ́fẹ́ ni, àbí ọ́ìlì? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ iye tí ẹ máa ná lẹ́yìn ọ̀la.

Oríṣi mẹ́rin ni mo máa ń rí.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ara ṣọ́ọ̀kì ní ẹsẹẹsẹ bíi ti nọ́ọ̀tì, òrùka irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi sípánà yí kí mọ́tò lè ga tàbí kó wálẹ̀. Òmíràn ní kókó kékeré lórí tí wọ́n ń fi yí líle rẹ̀. Koni, Bilstein àti KW wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó kọ́kọ́ ní mọ́tò lókè òkun ló sábà máa ń fi í sí i fúnra rẹ̀. Kò sí wáyà, kò sí kọ̀ǹpútà.

Ìkejì ni èyí tí iná ń yí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ṣùgbọ́n tí sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ irin bíi ti gbogbo mọ́tò. Líle nìkan ló ń yí, kì í gbé mọ́tò sókè. Porsche ń pe tirẹ̀ ní PASM, ó wà nínú 911 láti 2004. BMW ń pè é ní EDC, ẹni tó ra M3 tuntun ní 2007 lè san owó lé e kí wọ́n fi sí i. Irú kan tún wà tó jẹ́ pé ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ní ìyẹ̀fun irin nínú. Tí iná bá kàn án, ọ́ìlì náà á ki, ṣọ́ọ̀kì á sì le. Cadillac ló kọ́kọ́ lò ó ní 2002, Corvette gbà á ní 2003, Audi TT ní 2006.

Ìkẹta ni ti afẹ́fẹ́. Kò sí sípíríǹgì irin níbẹ̀ mọ́. Rọ́bà bíi bàlúùnù ló gbé mọ́tò dúró. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, sẹ́ńsọ̀ ń wo gíga rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ. Mercedes mú AIRMATIC jáde nínú S-Class ní 1998. CLS 500 tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní in. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni CLS ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n spọ́ọ̀tì káà ni àwọn ọmọ wa ń pè é, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni ti ọ́ìlì. Mercedes ló ń pè é ní ABC, ó jáde nínú CL ní 1999, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ SL tí wọ́n ṣe láti 2001. Pọ́ǹpù kan ń ti ọ́ìlì pẹ̀lú agbára ńlá gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí họ́ọ̀sì kan bá bẹ́, ọ́ìlì á tú, mọ́tò á wólẹ̀.

Ibi tí mò ń bọ̀ rèé. Nígbà tí mọ́tò yẹn wà ní tuntun, ẹni tó kọ́kọ́ rà á san owó gidi lé e kó tó rí bọ́tìnnì yẹn gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó mọ́tò já wálẹ̀, owó bọ́tìnnì náà sì já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí ọ̀fẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì kò mọ̀ pé mọ́tò tìẹ ti gbó. Tí ṣọ́ọ̀kì yẹn bá kú, owó tuntun ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọlé. Mọ́tò ló di tòkunbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò di tòkunbọ̀. Ẹ sì rántí pé mẹ́rin ni ẹsẹ̀. A kì í pààrọ̀ ẹyọ kan, ọ̀tún àti òsì la máa ń pààrọ̀ pọ̀ kí mọ́tò má baà máa fà sápá kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Màá lọ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Àpò." Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni ohun tó ń gbé mọ́tò oníafẹ́fẹ́ ró, rọ́bà kì í sì í ka máìlì nìkan, ọdún náà ló ń kà. Èyí tí ẹ rà yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ láyé tó èyí tó bẹ́. Ẹ wá fi oòrùn Òkè Ọya kún un, ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un. Oòrùn ń la rọ́bà, eruku ń dí fílítà kọ̀mpírẹ́sọ̀. Tí rọ́bà kan bá ń jò díẹ̀díẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí á fi jóná. Ohun kan ló bẹ̀rẹ̀, ohun méjì lẹ máa rà.

Kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ra irú mọ́tò oníafẹ́fẹ́ yìí. Kò bi mí. Lóṣù Kejìlá, ó kó ìyàwó rẹ̀ tó lóyún oṣù méje àti ọmọ méjì, wọ́n ń lọ sílé. Wọ́n kọjá Àbújá láàárọ̀, wọ́n kọjá Lókójà lọ́sàn-án, wọ́n gba Ọbajànà bọ́ sí Kábbà. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́, tí oòrùn ti ń wọ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù kọ ọ́ pupa: STOP, CAR TOO LOW. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti jókòó sórí táyà. Bó bá rìn díẹ̀, táyà á máa ha bọ́dì, rọ́bà á máa rùn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo wa la mọ ohun tí igbó ti dà lóde òní, mi ò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Awakọ̀ ọlọ́kọ̀ ńlá kan ló dúró, Hausa ni, àlùbọ́sà ló kó. Ó gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun á fi wọ́n sílẹ̀ níwájú, níbi tí èrò wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wa mọ́tò lẹ́yìn wọn bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ rìn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ló sùn. Títí dòní, tí ìyàwó yẹn bá ń sọ ìtàn náà, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé nítorí bọ́tìnnì?

Kò tíì tán. Wọ́n wọ́ mọ́tò náà dé Ìlọrin. Mẹkáníìkì kan ní kó fọkàn balẹ̀, òun á yọ afẹ́fẹ́ dànù, òun á fi sípíríǹgì sí i. Ó mú sípíríǹgì mọ́tò míì, ó fi ẹ̀rọ gé e kúrú, ó tì í wọlé. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Kàdúná, gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, mọ́tò á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi tí a tú táyà, mo bá sípíríǹgì tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ara irin. Mo káwọ́ lérí. Sípíríǹgì tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀. Tí wọ́n bá sì fi iná gé e, irin náà kò lágbára mọ́, ó lè dá lórí eré. Mọ́tò ní spéà páàtì, ẹ̀mí kò ní.

Mi ò sọ pé yíyí afẹ́fẹ́ padà sí sípíríǹgì burú o. Wọ́n ń ṣe irin àti ṣọ́ọ̀kì tó bá irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan mu, tó pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rìwáyà á sì fi kọ̀ǹpútà pa iná ìkìlọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá ra mọ́tò oníafẹ́fẹ́ tó sì kú, ẹ ṣe é báyẹn, ara yín á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: tó bá jẹ́ sípíríǹgì lásán lẹ máa padà lò nígbẹ̀yìn, kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra èyí tó ní sípíríǹgì lásán láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ọmọ tó wá bá mi ní Sátidé ní, "Bàbá, ṣebí ó máa ń gòkè tí mo bá dé ojú kòtò." Òótọ́ ni, ó ń gòkè. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń gòkè, tí eré bá sì ti pọ̀, á padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kòtò tó ń ba rímù jẹ́ lójú ọ̀nà wa, orí eré lẹ máa ń bá a pàdé. Ohun tó ń gbà yín níbẹ̀ ni táyà tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, rímù tí kò tóbi jù, ṣọ́ọ̀kì tó ṣì lágbára, àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa mọ́tò.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Ẹni tó ń gbé lókè yìí, tó jẹ́ pé mọ́tò kan ló ní, tó sì fẹ́ máa fi lọ sílé, kó ra èyí tó ní sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì lásán, kó fi owó tó kù ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin àti táyà gidi. Spọ́ọ̀tì káà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tuntun á dùn ún wà ju èyí tó ní bọ́tìnnì tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú lọ. Tó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ fẹ́ èyí tó ṣeé yí dandan, mú tọwọ́, kó o má sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Tí kò bá sí tọwọ́, mú èyí tí iná ń yí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ irin. Tí iná bá kú níbẹ̀, mọ́tò lè le, ó sì lè máa jó, ṣùgbọ́n yóò ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wàá rọra wà á délé. Mo ní oníbàárà kan tó ṣẹlẹ̀ sí: inú ń bí i, ìdí ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ti afẹ́fẹ́ àti ti ọ́ìlì, kí ẹni tó ní mọ́tò kejì nílé, tó ń gbé níbi tí ọ̀nà ti dára, tó sì ti ya owó ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó ra mọ́tò, rà á. Èmi ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà, kó gbádùn ara rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí.

1. Nọ́ńbà VIN mọ́tò, mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ fi wá ohun tí wọ́n fi sí mọ́tò náà ní ilé iṣẹ́. Tó bá ní afẹ́fẹ́ nígbà tó wà ní tuntun, tí ẹ wá bá sípíríǹgì níbẹ̀ báyìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló yí i, kí ló sì fi sí i.

2. Tó bá jẹ́ oníafẹ́fẹ́, ẹ ní kí wọ́n pa á sílẹ̀ láti alẹ́. Ẹ fi téèpù wọn ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti àárín rímù dé etí bọ́dì, lálẹ́ àti láàárọ̀. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ mọ́jú, ó ń jò. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ti tan mọ́tò sílẹ̀ kí ẹ tó dé.

3. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà nígbà gbogbo tí ẹ bá ń wà á wò. Tí ẹ kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín líle àti rírọ̀, ó ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tí ẹ máa san fún un kéré sí ohun tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Ẹ tẹrí wo ara ṣọ́ọ̀kì. Tí ọ́ìlì bá ń sun lára rẹ̀, ó ti parí. Tó bá jẹ́ tọwọ́, ẹ wò bóyá òrùka rẹ̀ ṣì ń yí. Ní Kánádà àti apá òkè Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Òrùka tó ti dípẹtà kò ní í yí mọ́, ẹ ti ra ohun tó ṣeé yí tí kò ṣeé yí.

5. Ẹ wo inú táyà, kì í ṣe ìta nìkan. Tó bá jẹ́ inú ló ti jẹ tán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rẹ mọ́tò náà sílẹ̀ láìṣe àláímẹ́ǹtì.

6. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ mọ́tò oníafẹ́fẹ́ láìfi irin gbé e ró dáadáa. Ó lè jókòó lójijì. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín, ẹ sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pàápàá, torí àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń rán sí abẹ́ mọ́tò.

Ọmọ tó wá bá mi ṣì ní òun á lọ rò ó. Mo mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn ṣì ń dán lójú rẹ̀. Mi ò bínú. Mo kàn bi í ní ìbéèrè kan kó tó lọ: "Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, níbi tí kò sí ilé, tí ìyá rẹ jókòó lẹ́yìn mọ́tò, èwo nínú mọ́tò méjèèjì yìí lo fẹ́ kó wà lábẹ́ rẹ?" Kò dá mi lóhùn. Ó fi fóònù rẹ̀ sápò, ó kí mi, ó lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ kí wọ́n tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ rà á, kó dùn, kó yá, ṣùgbọ́n kó lè gbé yín délé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó ń lọ sílé ọdún, àlọ re, àbọ̀ re. Àmín.